Jígí Wo Ló Yẹ Ojú Àgbà Ọdẹ?

Kò ṣọ̀wọ́n ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, bíi Masifa, Ilawo, Ọla, Isundunrin àti Ifẹ-Ọ̀dàn, kí ọkùnrin tó ti lé ní 60 ọdún ṣì máa gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àwọn kan ń ṣọ́ oko wọn nítorí ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Àwọn kan ń ṣe ọdẹ àdúgbò lóru, àwọn kan sì wà lára àwọn tí ìlú máa ń ké sí nígbà tí ìdágìrì bá dé. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ìbọn wọn, owó wọn, ìwé àṣẹ wọn. Ojú wọn gan-an ni a kì í sábà béèrè, bẹ́ẹ̀ ibi tí ojú bá wò ni ọta ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò ju ẹyọ kan lọ. Àgbà tó bá máa yìnbọn nílò jígí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, tí wọ́n fi bí ohun tó fẹ́ rí ṣe jìnnà sí ojú rẹ̀ wọn nọ́ńbà rẹ̀. Jígí tó fi ń ka Bíbélì tàbí Kùránì kò lè ṣe é. Èyí tí wọ́n tò sórí àtẹ lọ́jà, tí ènìyàn kàn gbé sójú wò tó sì sanwó, kò lè ṣe é pẹ̀lú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú àgbà kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Lẹ́yìn ọmọlójú, nínú ẹyin ojú, ni lẹ́ǹsì kan wà tó rọ̀. Iṣan kan tó yí i ká máa ń jẹ́ kó wú díẹ̀ nígbà tí a bá ń wo ohun tó wà nítòsí, á sì tún fẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí a bá gbójú sókè wo ọ̀nà jíjìn. Ọdọọdún ni lẹ́ǹsì yìí ń le sí i. Bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ 45 ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ jìnnà kó tó lè ka ohun tó wà lójú fóònù. Nígbà tó bá fi pé 60, agbára àtiwú yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà jígí ìkàwé fi ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi +1.00, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé +2.50. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ lórí ojú ní 2019 pé ó tó bílíọ̀nù 1.8 ènìyàn lágbàáyé tí ojú wọn ti dé ipò yìí, àti pé mílíọ̀nù 826 nínú wọn ni kò ní jígí tó yẹ wọ́n. Nílé wa níbí, láàárín 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní 13,000, tí gbogbo wọn ti tó 40 ọdún sókè, wò káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Nínú àwọn tí ojú wọn kò tíì fọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò ríran tó bó ṣe yẹ, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé àìní jígí nìkan ló fa tiwọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn: ọ̀pọ̀ ọdẹ tó gbà pé ojú òun ti lọ, ojú rẹ̀ kò lọ síbi kankan.

Iṣẹ́ ìbọn wá yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìwé nítorí pé ohun tí ojú fẹ́ rí nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Irin kékeré kan máa ń yọrí sókè ní ẹnu ìbọn, tí ọdẹ fi ń fojú sùn. Bí ìdí ìbọn bá ti wà ní èjìká, irin yẹn á wà ní nǹkan bíi mítà kan sí ojú, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìbọn ṣakabùlà tí ọ̀pá rẹ̀ gùn. Ẹran tàbí àmì tó fẹ́ yìn wà níwájú, ní 20 tàbí 30 mítà. Ìbọn míì tún ní ihò ìfojúsùn kejì nítòsí ojú. Ọmọ ọdún 20 lè wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kíákíá débi pé á rò pé òun rí wọn pa pọ̀. Ojú ẹni 60 ọdún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti dúró sójú kan, ọ̀kan ṣoṣo ló sì lè mọ́ gaara nínú wọn. Jígí ló máa yan èyí tó máa mọ́. Bí ọdẹ náà bá wá gbé jígí ìkàwé +2.50 sójú, ohun tó yàn ni ohun tó wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ibi tí ìwé máa ń wà. Kò sí ohun kankan tó ń ṣẹlẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí ènìyàn bá ń yìnbọn. Irin ẹnu ìbọn á rújú, ẹran iwájú á di òjìji lásán.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo jígí mọ̀ ọ́n. Ẹ fi iye sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín ojú àti ohun tí ẹ fẹ́ rí pín 100. Ohun tí ẹ bá rí ni nọ́ńbà tí ojú tó ti dúró sójú kan nílò, lórí èyí tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ìwé tó wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà á fún wa ní 2.50. Irin ìbọn tó wà ní 100 sẹ̀ǹtímítà á fún wa ní 1.00. Bí ọ̀pá ìbọn bá gùn débi pé irin náà wà ní 125, ó di 0.80, jígí 0.75 ló sì sún mọ́ ọn jù, nítorí pé 0.25, 0.25 ni wọ́n ń fi gé nọ́ńbà jígí. Ẹ ò nílò láti gbé ìbọn lọ sí ilé ìwòsàn láti wọn èyí, kò tilẹ̀ yẹ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti tó. Kí ọdẹ rí i dájú pé ohunkóhun kò sí nínú ìbọn náà, kó gbé e sí èjìká bó ṣe máa ń gbé e gan-an, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, kí ẹlòmíì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó fi orí okùn kan kan egungun tó wà létí ojú tó fi ń fojú sùn, kó na okùn náà dé ibi tí irin náà wà, kó sì ta kókó síbẹ̀. Okùn tó ní kókó yẹn ni kó gbé dání lọ bá dókítà ojú. Ó máa wúlò ju kó kàn sọ pé "mi ò ríran mọ́" lọ, nítorí pé dókítà tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan fún, ìwé kíkà ni yóò rò pé aláìsàn rẹ̀ fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó ti le, nítorí àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdẹ lè sọ pé: "Ìbọn tí èmi ń lò, ọta wẹ́wẹ́ ló ń tú jáde. Ẹran ni mò ń wò, mi ò wo irin ẹnu ìbọn. Kí ni mo fẹ́ fi jígí tó ń jẹ́ kí irin mọ́ ṣe?" Òótọ́ ló wí. Ẹni tó ń yin ọta wẹ́wẹ́ sí ọ̀yà tó ń sá tàbí àparò tó ń fò, ara ẹran ni ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà káàkiri ayé ló sì ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń yin ọta ẹyọ kan sí àmì tó dúró sójú kan ni irin ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ mọ́ fún ju ohun gbogbo lọ, nítorí pé bí irin náà bá fi ìwọ̀n tín-ín-tín yẹ̀ lójú rẹ̀, ọta á ti yẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kó tó dé 30 mítà. Nítorí náà, kí ọdẹ tó béèrè jígí, kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: nínú iṣẹ́ tèmi, kí ni mi ò gbọ́dọ̀ rí ní bàìbàì? Fún ọ̀pọ̀ ọdẹ oko àti ọdẹ àdúgbò ní agbègbè Èjìgbò, mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ ni ohun tó wà níwájú ẹnu ìbọn. Ọdẹ tó yìnbọn pa ènìyàn nítorí pé ó rò pé ẹran ni, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ títí kí ilẹ̀ Yorùbá tó tún gbọ́ òmíràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré yí iná ká láti dènà ẹran, ènìyàn àti ẹran ló jọ ń jáde látinú èéfín. Ojú tí kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ aṣọ àti àwọ̀ irun ẹran ní 30 mítà kò gbọ́dọ̀ fa ọwọ́ ìbọn, bó ti wù kí irin ẹnu ìbọn mọ́ gaara tó.

Èyí ló fi jẹ́ pé nọ́ńbà ọ̀nà jíjìn ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo, òun náà sì ni àwọn àgbà máa ń fò dá. Wọ́n á ní, "Ọ̀nà jíjìn kò dà mí láàmú, ìwé ni mi ò lè kà." Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ojú tó nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ láti wo ọ̀nà jíjìn, tí lẹ́ǹsì inú ojú wọn ń bá wọn wú pa á mọ́ ní gbogbo ìgbà èwe. Nígbà tí lẹ́ǹsì náà le, àbùkù tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá hàn síta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè nílò +1.50 láti rí igi tó wà lókè ọ̀nà, kí a tó wá sọ̀rọ̀ irin ìbọn. Àwọn míì ní ojú tí iwájú rẹ̀ kò rí róbótó dáadáa, tí ohun gbogbo máa ń ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jígí wọn ní nọ́ńbà kejì àti igun tó gbọ́dọ̀ dúró sí, èyí tí jígí orí àtẹ kò ní rárá. Nọ́ńbà kan náà ló wà ní apá méjèèjì jígí orí àtẹ, bẹ́ẹ̀ ojú méjì ènìyàn kì í sábà dọ́gba. Mi ò bá ẹnikẹ́ni tó ń fi í ka ìwé jà, nítorí pé ó sàn ju kí ènìyàn má kà rárá lọ. Ìbọn ni mo ní kó má bá a dé ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí nọ́ńbà ọ̀nà jíjìn bá ti tọ́, ẹni tó tún fẹ́ rí irin ẹnu ìbọn ní ọ̀nà àárín kan tó lè gbà, òun sì ni mo gbà pé ó dára jù fún ọ̀pọ̀ àgbà. Ká ní irin náà wà ní mítà kan, tó fẹ́ 1.00. Bí dókítà bá fi gbogbo 1.00 kún un, irin á mọ́, ṣùgbọ́n iwájú á rújú. Bí kò bá fi nǹkan kan kún un, iwájú á mọ́, irin á rújú. Bó bá fi ìdajì rẹ̀ kún un, ìyẹn 0.50, ìrújú náà á pín sí méjì: irin á kàn rújú díẹ̀, iwájú náà á rújú díẹ̀, kò sì sí èyí tó máa sọnù nínú méjèèjì. Àwọn tó ń fi ìbọn ta àmì ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń fi kún ti ọ̀nà jíjìn ni 0.50 tàbí 0.75. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n fi 0.50 yẹn kún jígí ojú tó ń fojú sùn nìkan, kí wọ́n fi ojú kejì sílẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn gbalaja. Ìyàtọ̀ 0.50 láàárín ojú méjì kì í yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, ọdẹ tó bá sì ń la ojú méjèèjì kó tó yìnbọn á ní ojú kan tó ń ṣọ́ ẹran, tí èkejì ń ṣọ́ irin.

Àmọ́ ojú wo ló ń fojú sùn? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fi èjìká ọ̀tún gbé ìbọn ni ojú ọ̀tún rẹ̀ ń darí. Kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó fi wọ́n ṣe ihò kékeré, kó la ojú méjèèjì wo igi kan tó jìnnà láti inú ihò náà, kó wá di ojú òsì. Bí igi náà bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún ló ń darí. Bó bá sá lọ, ojú òsì ni. Ẹni tí ojú òsì rẹ̀ ń darí, tó sì ń gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fi 0.50 náà sí ojú tí kò nílò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á béèrè ìdí tí wọn ò fi ní ra bàìfókà kan ṣoṣo tó máa ṣe gbogbo rẹ̀. Ó jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọdẹ ṣe ń gbé orí. Bí ènìyàn bá ń kàwé, ìsàlẹ̀ jígí ló ń gbà wò. Bó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ á wá máa gba òkè jígí kọjá, ní igun tó wà lápá imú. Apá bàìfókà tó ń ran ìtòsí lọ́wọ́ ti wà nísàlẹ̀ pátá, kò wúlò. Bí ọdẹ náà bá sì gbé orí sókè kó lè lò ó, kò gbé ìbọn dáadáa mọ́. Ìsàlẹ̀ yẹn kan náà ló ń ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí ọ̀nà oko, nítorí ilẹ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ á rújú. Èyí tí kò ní ilà, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ju bàìfókà lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì sì máa ń lọ́ àwòrán po, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni ojú ń gbà kọjá nídìí ìbọn. Jígí onínọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ iṣẹ́ yìí, kí àárín lẹ́ǹsì rẹ̀ sì wà ní òkè díẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ó dùn mọ́ni pé òun náà ló sábà máa ń dín owó jù nínú gbogbo wọn.

Òru tún mú ọ̀ràn míì wá. Nígbà tí oòrùn bá mú, ọmọlójú máa ń kéré, ihò kékeré sì ń bo àbùkù ojú mọ́lẹ̀: ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ lu páálí, tó gba ibẹ̀ wo ìwé, á rí i pé lẹ́tà tó ti rújú tẹ́lẹ̀ ti mọ́ díẹ̀. Àwọn tó ń ta àmì nínú ìdíje ń lo ọgbọ́n yìí. Férémù tí ilé iṣẹ́ bíi Knobloch ní Jámánì ń ṣe fún wọn ní ibi tí wọ́n lè so ihò kékeré tó ṣeé fẹ̀ tó ṣeé fún pọ̀ mọ́. Lóru, ọmọlójú á fẹ̀, àbùkù tí oòrùn ti bò á jáde gbangba. Nítorí náà, àgbà tó bá sọ pé òun rí àparò lọ́sàn-án láìlo jígí kò tíì sọ bí ojú òun ṣe rí ní aago mọ́kànlá alẹ́ lábẹ́ iná ọdẹ tó dè mórí. Jígí tó ní àwọ̀, ì báà jẹ́ dúdú tàbí yẹ́lò, kì í ranni lọ́wọ́ lóru. Ṣe ló ń dín ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú kù, bẹ́ẹ̀ ojú àgbà ti nílò ìmọ́lẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń ṣú nínú oòrùn náà máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó mọ́ padà, ọ̀yà ò sì ní dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́ǹsì funfun tí nǹkan kan kò tíì ha, tí wọ́n fi omi àti aṣọ tó rọ̀ nù, ló dára jù. Ẹ má fi ẹnu agbádá tó ní eruku nù ún.

Kí ni wọ́n fi ṣe lẹ́ǹsì náà? Ìbéèrè yìí tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pàdánù ojú. Lórí ìbọn ṣakabùlà, ibi tí iná ti ń mú ẹ̀tù kò jìnnà sí ojú. Iná àti ẹ̀fín máa ń tú jáde níbẹ̀, irin wẹ́wẹ́ lè bá a jáde, ọ̀pá ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ sì ti bú mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ rí. Lẹ́ǹsì tí wọ́n fi gíláàsì ṣe lè fọ́ wọ inú ojú. Polycarbonate ni kí ọdẹ béèrè, òun ni wọ́n fi ń ṣe jígí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ nítorí pé kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Kí férémù rẹ̀ tóbi débi pé ó bo gbogbo ojú, kó ní ọ̀já tó lọ sẹ́yìn ọrùn, kí òógùn má baà yọ ọ́ bọ́ sínú koríko. Ẹni tó ní jígí nọ́ńbà rere tí kì í ṣe polycarbonate lè fi gọ́gù òṣìṣẹ́ bò ó lórí. Bí nǹkan bá sì ta sí ojú ọdẹ, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kán omi ọyàn, ìtọ̀ tàbí àgbo sí ojú náà. Ojú tí ó ṣeé gbà là lọ́jọ́ kìíní lè ti di ohun tí kò ṣeé gbà là mọ́ ní ọjọ́ kẹta.

Àwọn àgbà ọdẹ ní èsì tiwọn, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Wọ́n á ní etí ni àwọn fi ń mọ ibi tí ẹran wà, imú ni àwọn fi ń gbọ́ òórùn rẹ̀, àti pé ẹni tó ti wà nínú igbó fún 40 ọdún mọ ohun tí ọmọ tó ní ojú mímọ́ kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Òye yẹn gan-an ló mú kí jígí tó yẹ wọ́n ṣe pàtàkì, nítorí pé ó máa jẹ́ kí òye náà pẹ́ lórí iṣẹ́. Oscar Swahn, ará Sweden, jẹ́ ẹni 72 ọdún nígbà tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìdíje Olympic ní Antwerp ní 1920. Àwòrán àgbọ̀nrín tó ń sáré kọjá ni wọ́n ń yìn nínú ìdíje náà, kò sì tíì sí eléré ìdárayá mìíràn tó dàgbà tó o tó gba àmì ẹ̀yẹ Olympic. Ọjọ́ orí nìkan kì í gba ìbọn lọ́wọ́ ènìyàn. Etí mọ ibi tí nǹkan wà; kì í sọ bóyá ọmọ aládùúgbò tó wá ṣa igi ni.

Ní ti owó, kò yẹ kí a tan ara wa: jígí tí wọ́n yẹ ojú kí wọ́n tó ṣe wọ́n ju ti orí àtẹ lọ. Láti Èjìgbò, ènìyàn lè dé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN ní Òṣogbo tàbí ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò jígí ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Jigi Bola 2.0 ní 2024, lórúkọ èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo fara mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò fún ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ rò ni pé ìwé àṣẹ ìbọn, tí òfin ohun ìjà ti 1959 béèrè lọ́wọ́ oníṣakabùlà pẹ̀lú, ì bá dára kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò ojú. Ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọdẹ lè ké sí dókítà ojú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n yẹ ojú gbogbo wọn wò ní ọjọ́ ìpàdé kan náà. Owó rẹ̀ kò tó owó ìsìnkú ẹnì kan.

Àyẹ̀wò yẹn pọn dandan nítorí pé àwọn ojú kan wà tí jígí kò lè tún ṣe. Nínú ìwádìí 2005 sí 2007 tí mo mẹ́nu bà, nǹkan bí 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti tó 40 ọdún ló fọ́jú, kàtárákì sì ló ṣe ju méjì lọ nínú márùn-ún wọn. Kàtárákì máa ń wọlé lọ́nà tó ń tan àgbà jẹ: bí lẹ́ǹsì inú ojú ṣe ń le tó ń ṣú, ẹni tó ti ń lo jígí ìkàwé fún ọdún púpọ̀ lè ṣàdédé máa kàwé láìlo jígí. Ilé á kún fún ayọ̀. Nígbà kan náà, ọ̀nà jíjìn ń ṣú lọ lójú rẹ̀, iná mọ́tò ń tàn yẹ̀rì lóru, jígí tó bá sì ra lónìí kò ní bá a mu lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ abẹ ló máa ń wò ó, ó sì máa ń wò ó dáadáa. Lẹ́ǹsì tuntun tí wọ́n máa fi sínú ojú ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí náà kí ọdẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ náà ṣáájú pé òun ń lo ìbọn. Gúláókómà burú jù, nítorí ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń jẹ ní tirẹ̀, tí àárín á ṣì mọ́. Ẹni tó ní in lè ka lẹ́tà tó kéré jù lára páálí dókítà, kó má sì rí ẹni tó ń bọ̀ láti apá òsì. Irú ojú bẹ́ẹ̀, bí dókítà bá ti sọ ọ́, ìbọn kò tọ́ sí i mọ́.

Kí ọdẹ tó gba jígí tuntun, kó dán an wò bó ṣe máa lò ó. Kó fi ẹfun ya róbótó tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ sára ògiri, kó rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 30, kó gbé ìbọn tí ohunkóhun kò sí nínú rẹ̀ sí èjìká. Kó ṣe é lọ́sàn-án, kó tún ṣe é ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojú ọ̀run ti ń ṣú. Bí etí róbótó náà bá hàn, tí irin ẹnu ìbọn sì ní orí tó ṣeé mọ̀, jígí náà tọ́. Bí irin bá mọ́ ṣùgbọ́n tí róbótó di owusuwusu, ohun tí wọ́n fi kún un ti pọ̀ jù, kó padà lọ kí wọ́n dín in kù ní 0.25. Gbogbo oníjígí tó mọ iṣẹ́ ló ní férémù àyẹ̀wò tí wọ́n ń ki lẹ́ǹsì sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dára kí ènìyàn fi okùn rẹ̀ tó ní kókó díwọ̀n níbẹ̀ kó tó sanwó.

Èjìgbò ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìran dé ìran, ọ̀pọ̀ àgbà ló sì ti yẹ ojú wò níbẹ̀ tàbí tí ọmọ wọn fi jígí ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ìwé jígí wọn wúlò níbí, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. OD dúró fún ojú ọ̀tún níbẹ̀ àti níbí. OG ni ojú òsì tiwọn, èyí tí ìwé tiwa ń pè ní OS tàbí LE. Ohun tí wọ́n kọ sí iwájú "Add" ni ti ìwé kíkà, òun gan-an ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú jígí ìbọn bó ṣe wà. Ọmọ tó bá fẹ́ fi jígí ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láti Treichville tàbí Adjamé lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ojú bàbá náà wò ní Òṣogbo, kí wọ́n fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù pẹ̀lú iye sẹ̀ǹtímítà tí okùn náà jẹ́, kó sì sọ fún oníjígí pé nọ́ńbà ọ̀nà jíjìn ni kó ṣe, kó fi 0.50 kún ti ojú tí bàbá fi ń fojú sùn, kó sì fi polycarbonate ṣe é. Lẹ́yìn ọdún méjì, kí wọ́n tún ojú náà yẹ̀ wò.